Owó ìwé àṣẹ amóhùnmáwòrán: Bí òfin ọdún 1966 ṣe di awuyewuye ní Ghana, àti ẹni tó yẹ kó san án

Tí ẹ bá ra amóhùnmáwòrán ní Adum, láàrin gbùngbùn ìlú Kumasi, tí ẹ gbé e délé, tí ẹ sì tàn án, òfin orílẹ̀èdè Ghana sọ pé ẹ ti jẹ owó kan.

Kì í ṣe owó ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún yín. Kì í ṣe owó iná, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó dékódà tí ẹ ń san lóṣooṣù. Owó ìwé àṣẹ láti lo amóhùnmáwòrán ni.

Gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015, cedi 36 ni ilé tó ní ẹ̀rọ kan yóò san lọ́dún. Tí a bá pín in sí oṣù méjìlá, cedi mẹ́ta péré ló jẹ́ lóṣù.

Síbẹ̀, owó kékeré yìí ti dá awuyewuye tó pọ̀ sílẹ̀, débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, wọ́n kéde pé àwọn iléẹjọ́ kan yóò máa jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò san án.

Níbo ni òfin yìí ti wá? Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń kọ̀ ọ́? Nígbà wo gan-an sì ni ìdílé kan jẹ owó yìí?

Wáyà ṣeé gé, afẹ́fẹ́ kò ṣeé gé

Ìtàn owó yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí amóhùnmáwòrán tó dé Ghana rárá.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1935, Gómìnà Arnold Hodson ṣí iléeṣẹ́ rédíò àkọ́kọ́ ní Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà náà. ZOY ni orúkọ iléeṣẹ́ náà, Accra ló sì wà.

Rédíò yìí kò gba inú afẹ́fẹ́ wọ ilé àwọn ènìyàn. Wáyà ni wọ́n fà láti iléeṣẹ́ náà dé inú ilé, wọ́n sì so ó mọ́ àpótí kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbàlagbà ní Èkó àti Ìbàdàn mọ irú àpótí yìí dáadáa, òun ni wọ́n ń pè ní Rediffusion.

Ẹni tó bá fẹ́ àpótí náà yóò máa san owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá san, wọ́n lè gé wáyà rẹ̀, ilé rẹ̀ yóò sì dákẹ́. Kò sí pé à ń pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ní Britain, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni rédíò tiwọn ń gbà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀. Ìdí nìyí tí ìjọba ibẹ̀ fi ṣe òfin lọ́dún 1922 pé kí ẹni tó bá ní rédíò nílé gba ìwé àṣẹ ní ṣílè mẹ́wàá lọ́dún.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 1946, wọ́n dá ìwé àṣẹ amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní pọ́n-ùn méjì.

Ohun tó wà nídìí òfin náà ni pé ohun tó ń gba inú afẹ́fẹ́ kò ṣeé gé bíi wáyà. Ẹ̀rọ tó wà nínú ilé nìkan ni òfin lè dì mú. Èrò yìí ni Ghana jogún, òun náà ló sì padà di wàhálà.

Nkrumah, Jamasi àti àwọn ológun tó gbéra láti Kumasi

Ọgbọ̀n ọdún géérégé lẹ́yìn ZOY, ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1965, Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ghana. Lákòókò náà, WNTV ti lé ní ọdún márùn-ún tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, nítorí oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí i.

Obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, òǹkọ̀wé Shirley Graham Du Bois, ni Nkrumah fi ṣe olùdarí àkọ́kọ́ fún iléeṣẹ́ tuntun náà. Òun ni opó W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé tó kú sí Accra lọ́dún 1963.

Nkrumah jẹ́ kó yé àwọn ènìyàn pé kì í ṣe torí òwò ni òun ṣe dá a sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ló fi ṣáájú, eré ìdárayá tó ní láárí sì tẹ̀lé e.

Amóhùnmáwòrán náà kò dúró sí Accra nìkan. Wọ́n gbé ọ̀kan lára àwọn òpó tó ń tan àwòrán ká sí Jamasi, ní ọ̀nà Mampong, kí Kumasi àti àwọn ìlú tó yí i ká lè rí i.

Ohun méjì mìíràn ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà. Ìjọba bá iléeṣẹ́ Sanyo ti Japan ṣe àdéhùn láti máa to ẹ̀rọ rédíò àti amóhùnmáwòrán pọ̀ ní Tema. Ní oṣù Kíní ọdún 1966, Nkrumah ṣí ìdídò Akosombo, tí iná mọ̀nàmọ́ná rẹ̀ yóò tan ilé àti iléeṣẹ́.

Kumasi ìgbà náà kún fún àwọn Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ti fìdí kalẹ̀ sí ọjà ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ wọn sì ń sọ èdè Twi bí onílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àwòrán láti Jamasi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú, kí àṣẹ ìjọba Busia ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ìjọba Nkrumah fúnra rẹ̀ ti ṣubú. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 1966, nígbà tó wà lẹ́yìn odi, àwọn ológun gbàjọba.

Ọ̀gágun Emmanuel Kotoka ló wà nídìí rẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà ní Kumasi, ibẹ̀ ni òun àti Akwasi Afrifa sì ti ṣètò bí wọn yóò ṣe wọ Accra. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni iléeṣẹ́ rédíò. Ohùn Kotoka ni àwọn ará Ghana gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ìjọba ti yí padà.

Ìjọba ológun náà, National Liberation Council, ló ṣe òfin ìwé àṣẹ amóhùnmáwòrán lọ́dún yẹn kan náà. NLCD 89 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láìgba ìwé àṣẹ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lọ́dún 1968, òfin mìíràn, NLCD 226, sọ iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba di àjọ tó dá dúró lábẹ́ orúkọ Ghana Broadcasting Corporation, GBC.

Ẹ̀rọ ni òfin ń kà, kì í ṣe ojú tó ń wò ó

Ẹni tó bá mọ Kumasi yóò mọ irú ilé tó pọ̀ níbẹ̀: ilé onígun mẹ́rin tó ní àgbàlá láàrin, tí ìdílé bíi márùn-ún, mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé yàrá rẹ̀. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí agboolé ní ilẹ̀ Yorùbá.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì wọ́n, amóhùnmáwòrán ẹnì kan ni gbogbo ilé, àti aládùúgbò pẹ̀lú, ń wò. Lójú òfin, ẹni tó ni ẹ̀rọ nìkan ló jẹ owó. Ogún ènìyàn tó jókòó sí àgbàlá kò jẹ nǹkan kan.

Ó rọrùn láti lóye nígbà náà. Ẹ̀rọ kan wà, iléeṣẹ́ kan ló sì wà. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ, GBC ló rà á láti wò, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tó lè wò. Láti sanwó fún ẹ̀rọ àti láti sanwó fún GBC, ohun kan náà ni.

Òfin ọdún 1966 dúró lórí èyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé gbogbo nǹkan yí padà, ṣùgbọ́n òfin kò kúrò níbi tó wà.

Cedi 3,000 tó di 30 pesewas

Ohun àkọ́kọ́ tó yí padà ni iye owó náà. Cedi 3,000 ni ilé kan ń san kí Ghana tó pààrọ̀ owó rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2007, ìjọba yọ òdo mẹ́rin kúrò lára cedi, cedi 10,000 sì di cedi kan.

Bí cedi 3,000 ṣe di 30 pesewas nìyẹn. Owó ìwé àṣẹ ọdún kan gbáko kò wá ju iye tí ènìyàn fi ń ra omi inú ọ̀rá kan tàbí méjì lọ.

Ẹ rò ó wò: ta ni yóò wọ ọkọ̀ láti Adum lọ sí Bantama, tí yóò kan ilẹ̀kùn onílé, tí yóò kọ rìsíìtì, nítorí 30 pesewas? Owó ọkọ̀ rẹ̀ ti ju ohun tó fẹ́ gbà lọ. Díẹ̀díẹ̀, gbígba owó náà kú, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì dàgbà láìmọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà.

Ohun kejì tó yí padà ni ohun tó ń jáde lójú ẹ̀rọ náà. Òfin orílẹ̀èdè Ghana ti ọdún 1992 fi òmìnira fún iléeṣẹ́ ìròyìn. Nígbà tí Charles Wereko-Brobby gbé rédíò tirẹ̀, Radio Eye, sórí afẹ́fẹ́ ní Accra lọ́dún 1994 láìgba àṣẹ, ìjọba tì í pa, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn náà ti ṣí. Lọ́dún 1995, Joy FM bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1997, TV3 àti Metro TV dé.

Lẹ́yìn wọn ni sátẹ́láìtì, dékódà àti íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ilé kan ní Kumasi lè tan amóhùnmáwòrán láti àárọ̀ di alẹ́ lónìí kó má kan GTV rárá.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e kò yani lẹ́nu: kí ló dé tí màá fi sanwó fún ohun tí n kò wò?

GBC gbìyànjú láti dáhùn. Lọ́dún 2015, nígbà tí wọ́n tún gbé gbígba owó náà dìde ní cedi 36, wọ́n ní kì í ṣe GBC nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Ìdá 72 nínú 100 ni tirẹ̀. Ìdá 15 yóò lọ sí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ aládàáni, ìyókù yóò sì lọ sí àjọ tó ń mójú tó iléeṣẹ́ ìròyìn, àti àwọn owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìròyìn àti fíìmù.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ẹjọ́

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ọ̀rọ̀ di ti iléẹjọ́. Ìkéde jáde pé Adájọ́ Àgbà Ghana nígbà náà, Sophia Akuffo, ti yan àwọn adájọ́ káàkiri àwọn ẹkùn orílẹ̀èdè náà láti máa gbọ́ ẹjọ́ ìwé àṣẹ amóhùnmáwòrán ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti ọjọ́ kẹrin, oṣù Kíní.

Ariwo sọ. Àwọn kan ní àwọn ti ń san owó orí, inú owó orí náà sì ni ìjọba ti ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ GBC. Àwọn kan ní GBC ń gba ìpolówó ọjà bíi ti àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, kí ló tún wá ń béèrè? Àwọn mìíràn béèrè bóyá kò sí ẹjọ́ tó ju ti amóhùnmáwòrán lọ fún adájọ́ láti gbọ́.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn owó náà ní tiwọn sọ pé òfin ni òfin, àti pé iléeṣẹ́ tí kò bá ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba tó ń bọ́ ọ.

Nígbà wo ni ìdílé jẹ owó náà ní Ghana?

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015, báyìí ló ṣe lọ:

• Ilé tó bá ní amóhùnmáwòrán kan yóò san cedi 36 lọ́dún.

• Ilé tó bá ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò san cedi 60 fún gbogbo wọn lápapọ̀.

• Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀rọ náà àti àwọn tó ń tún un ṣe yóò san láti cedi 60 dé cedi 240, gẹ́gẹ́ bí òwò wọn bá ṣe tóbi tó.

• Kò kan òfin bóyá GTV ni ẹ ń wò tàbí iléeṣẹ́ mìíràn. Owó dékódà tí ẹ ń san kò sì dípò rẹ̀.

Orí ẹ̀rọ ni òfin yìí dúró lé. Ní ọdún 1966, kò sẹ́ni tó lè rò pé ọmọdé kan yóò máa wo ìròyìn lórí fóònù nínú tírótírò ní Kejetia.

Báwo ló ṣe rí ní Nàìjíríà?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà yóò rò pé ọ̀rọ̀ Ghana ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin orílẹ̀èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, ka gbígba owó ìwé àṣẹ rédíò àti amóhùnmáwòrán mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ọdún 1998 tó to àwọn owó orí lẹ́sẹẹsẹ náà sọ ohun kan náà.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó náà kò lọ sí NTA tàbí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìpínlẹ̀ kankan. Àpò ìjọba ìbílẹ̀ ló ń lọ.

Ojú pópó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n jù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù bá dá ọkọ̀ dúró láti béèrè ìwé ìlẹ̀mọ́ rédíò. Awakọ̀ tó ń sanwó náà kò rí ìdí kankan tí owó yìí fi kan ohun tó ń gbọ́ nínú rédíò rẹ̀, nítorí kò kàn án lóòótọ́.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Britain ńkọ́?

Níbẹ̀, òfin kì í ṣe eré. Ẹni tí wọ́n bá mú lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó ọdún kan di £174.50. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ̀ nìyí:

• Kì í ṣe níní ẹ̀rọ ló ń mú kí ẹ san án, bí kò ṣe ohun tí ẹ ń wò. Tí ẹ bá ń wo ètò iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán èyíkéyìí bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á, ì báà jẹ́ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà.

• Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ẹ nílò rẹ̀ láti lo BBC iPlayer, kódà tí ètò náà bá ti kọjá.

• Tó bá jẹ́ fíìmù orí Netflix tàbí fídíò lásán lórí YouTube nìkan ni ẹ ń wò, tí kì í ṣe ètò tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ kò nílò rẹ̀.

• Ìwé àṣẹ kan tó fún ìdílé kan, iye yòówù kí ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá jọ ń gbé ilé kan, tí oníkálukú sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ṣeé ṣe kí oníkálukú nílò tirẹ̀.

Britain, tí Ghana ti kọ́ ọ, ti gbé òfin náà kúrò lórí àpótí lọ sórí ohun tí ènìyàn ń wò. Jámánì gba ọ̀nà mìíràn: láti ọdún 2013, gbogbo ilé ló ń san án, ì báà ní amóhùnmáwòrán, ì báà má ní. Faransé pa tiwọn rẹ́ pátápátá lọ́dún 2022. Ní South Africa, R265 ni owó ọdún kan, iléeṣẹ́ SABC fúnra rẹ̀ sì ti ń ké pé ọ̀pọ̀ jùlọ ilé ni kò san án.

Kí ló wà nídìí cedi mẹ́ta lóṣù?

Ó rọrùn láti fi owó yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Òfin Ghana ti ọdún 1992, ní apá 163, ní kí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba fún oríṣiríṣi èrò, títí kan èrò àwọn alátakò, ní ààyè tó tọ́. Kotoka mọ iye tí iléeṣẹ́ náà tó: ó gbà á kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn tó kọ òfin ọdún 1992 fẹ́ kó má bàa jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá kàn lágbára láti gbà á.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti bọ́ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjọba ló ń bọ́ ọ, yóò máa wo ojú ìjọba. Tó bá jẹ́ onípolówó ọjà, ohun tó ń pa owó ni yóò máa gbé jáde, ètò fún àgbẹ̀ abúlé àti ìròyìn ní èdè tí kò ní oníbàárà yóò sì kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà kẹta ni kí gbogbo ilé dá díẹ̀díẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ohun tí ìtàn Ghana fi hàn ni pé adájọ́ kò lè dá owó bẹ́ẹ̀ jọ. Lọ́dún 1965, ẹni tó gbé amóhùnmáwòrán sí àgbàlá rẹ̀ ní Kumasi rí ohun tí owó rẹ̀ yóò rà, nítorí ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láti wò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò rí i mọ́. Títí tí yóò fi rí nǹkan lójú GTV tó lè pè ní tirẹ̀, tí kò lè rí níbòmíràn, cedi mẹ́ta lóṣù yóò máa dà bí owó orí kejì lójú rẹ̀, iye Ọjọ́bọ̀ yòówù kí iléẹjọ́ jókòó.